Kẹ̀kẹ́ Ológeere Nínú Pádọ́ọ̀kì Eré Alùpùpù: Ohun Tí Ìrírí Fi Hàn Mí

Ní Brands Hatch, ní Kent, nítòsí London, ipa eré kékeré tí wọ́n ń pè ní Indy kò ju máìlì 1.2 lọ. Alùpùpù tó yára ń yí i ká kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Bí eré bá jẹ́ ìyípo 8, kí o tó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì táyà (aṣọ oníná tó ń mú táyà gbóná) kúrò, kí eléré yín tó jáde, kí ìwọ náà tó fẹsẹ̀ rìn gba àárín ọkọ̀ àti àtíbàbà dé ògiri píìtì, ìyẹn ògiri ẹ̀gbẹ́ ipa eré, láti fi pátákó àmì tí a kọ ipò rẹ̀ sí hàn án, eré ti dé ìlàjì. Ilẹ̀ pádọ́ọ̀kì ibẹ̀ tún dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá sáré gun un pẹ̀lú pátákó lábẹ́ apá á dé ògiri tán, kò ní ní èémí tí yóò fi wo ipò ẹnikẹ́ni.

Pádọ́ọ̀kì ni àgbàlá ńlá tó wà lẹ́yìn píìtì, níbi tí àwọn eléré ń gbé ọkọ̀ wọn sí, tí wọ́n ń ta àtíbàbà, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n sì ń tún alùpùpù ṣe. Láti ibi tí o pàgọ́ sí dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, láti ibẹ̀ dé ibi àyẹ̀wò, dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ táyà, dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìrìn náà kì í tán láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gé e kúrú. Mo sì ti bá àwọn eléré kílọ́ọ̀bù rìn pẹ́ tó láti mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ tó yẹ ń fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú tí owó kò lè rà, èyí tí kò yẹ á sì gba ìṣẹ́jú náà padà, á gba awọ orúnkún mọ́ ọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré yìí ní Bírítéènì, tàbí tó fẹ́ máa tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ ṣe mẹkáníìkì, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Láti orí rírà ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ohun tí mo rí jù ni pé ènìyàn á gbé kẹ̀kẹ́ tó dára jù nílé rẹ̀ wá: férémù gíga, táyà tín-ín-rín, gíà 21. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Irin kékeré tó ń sún ṣéènì láti gíà kan sí òmíràn so rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀. Nínú ọkọ̀ fáànù, bí àpótí irinṣẹ́ tàbí rímù alùpùpù bá fara tì í díẹ̀ péré, á tẹ̀ wọnú. Kò ní hàn sí ọ lójú. Ìgbà tí o bá sún un sí gíà tó rọrùn jù láti gun òkè ni yóò wọ àárín sípóòkì, ìdí kẹ̀kẹ́ á sì dì gbagidi lójijì. Férémù gíga náà ní wàhálà tirẹ̀. Aṣọ awọ tí eléré ń wọ̀ le ní ìbàdí, ó ní ike líle ní orúnkún, ó sì ní ìké ní ẹ̀yìn. A rán an fún ẹni tó tẹ̀ba lórí alùpùpù, kò rọrùn láti gbé ẹsẹ̀ kọjá férémù nínú rẹ̀. Àwọn tí mo ti rí tó ṣubú nínú pádọ́ọ̀kì, orí ìdúró ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣubú, níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú àtigùn.

Kẹ̀kẹ́ tí mo fọwọ́ sí ni èyí tí férémù rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní àárín tí ẹsẹ̀ ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, tí rímù rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ìǹṣì 20, tó ní gíà kan ṣoṣo tàbí mẹ́ta tó wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn irin àárín rímù. Bó bá ṣeé ká sí méjì, ó tún dára sí i, nítorí àyè nínú ọkọ̀. Àlòkù ni kó jẹ́. Èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ná ju £100 lọ lórí rẹ̀, nítorí wọn yóò jí i, tàbí wọn yóò yá a láìtọrọ, tàbí ọkọ̀ yóò fẹ̀yìn rìn lù ú.

Raleigh Twenty wà lára àwọn tó bá iṣẹ́ yìí mu jù. Nottingham ni wọ́n ti ṣe é, ìlú tí kò jìnnà sí pápá eré Donington Park, ilé iṣẹ́ tó ṣe Rálè tí àwọn bàbá wa fi ń lọ oko àti ilé ìwé ló sì ṣe é. Irin ni gbogbo rẹ̀, ó wúwo, ṣùgbọ́n kì í tètè bàjẹ́. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún lórí rẹ̀: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n tà ní Bírítéènì ń lo táyà 20 × 1 3/8, tí ìwọ̀n rímù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 451. Táyà BMX (kẹ̀kẹ́ kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń dárà) tó kún gbogbo ilé ìtajà, 20 × 1.75, mìlímítà 406 ni tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ 20, ṣùgbọ́n èkíní kì í wọ rímù èkejì. Nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí o kà kí o tó ra tíúbù, má kàn béèrè fún ogún. Lọ́jọ́ Sátidé, ní pápá tó wà láàárín oko, kò sí ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ tí o máa sáré lọ pààrọ̀ rẹ̀.

Nípa gíà, BMX àtijọ́ sábà máa ń ní eyín 44 níwájú àti 16 lẹ́yìn. Bí o bá fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á lọ mítà mẹ́rin àti díẹ̀. Ní pápá eré Snetterton, ní Norfolk, ìyẹn dára púpọ̀, nítorí pápá ọkọ̀ òfuurufú ogun ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbé kẹ̀kẹ́ yẹn lọ sí Cadwell Park ní Lincolnshire, ibi tí apá kan ipa eré gan-an ń jẹ́ Mountain, ìyẹn Òkè, o máa sọ̀kalẹ̀ tì í. Eyín 36 níwájú pẹ̀lú 16 lẹ́yìn, mítà mẹ́ta ààbọ̀ fún ìyípo pẹ́dà kan, ni mo fara mọ́ fún gbogbo pápá. Kò yára, kò sì yẹ kó yára. Ẹni tó bá ń sáré nínú pádọ́ọ̀kì ju bí ọmọdé ṣe ń sáré lọ ti kọjá àyè rẹ̀.

Bíréèkì wá gba ìṣọ́ra tí àwọn eléré alùpùpù kì í fura sí. Lórí alùpùpù, ọwọ́ ọ̀tún ni bíréèkì iwájú, ọwọ́ òsì ni kílọ́ọ̀ṣì. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tà ní Bírítéènì tẹ̀ lé ètò kan náà: ọ̀tún fún iwájú, òsì fún ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí a rà láti Faransé, Jámánì tàbí Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ òdìkejì. Ẹni tí ìka rẹ̀ ti mọ́ alùpùpù, bí ọmọdé bá já síwájú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni yóò fún, yóò sì fún un le. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ á kàn fi táyà fa ilẹ̀, kò ní dúró níbi tó yẹ. Bó bá jẹ́ ti iwájú, tí ẹrù tún wà nínú apẹ̀rẹ̀ iwájú, rímù kékeré yìí á dojú dé. Nítorí náà, kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wò, kí o sì tú wáyà bíréèkì, kí o pààrọ̀ wọn bó bá yẹ. Lẹ́yìn náà, dín agbára ti iwájú kù díẹ̀ nípa títú wáyà rẹ̀ sílẹ̀ kí lẹ́fà rìn díẹ̀ kó tó mú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bíréèkì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, tó wà nínú họ́ọ̀bù: òjò kì í dé ibẹ̀, òróró kì í kán sí i, ọwọ́ kan sì lè máa mú nǹkan mìíràn.

Òróró ṣe pàtàkì láti mẹ́nu kàn. Oje tí a ń fín sí ṣéènì alùpùpù máa ń fẹ́ lọ sí ibi tí a kò rán an. Bí kẹ̀kẹ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù nígbà tí wọ́n ń fín in, ó máa bà sí rímù, rọ́bà bíréèkì á mu ún, láti ìgbà yẹn, kò ní mú dáadáa mọ́. Fífi aṣọ nù ún kò tó. Fi omi ìfọ-bíréèkì tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ yín fọ rímù, kí o sì fi sáńpépà ha ojú rọ́bà náà títí tí dúdú tuntun á fi yọ.

Pẹ́dà onírin tó ní eyín mímú dùn fún ẹni tó wọ bàtà ojoojúmọ́. Bàtà eléré ní àtẹ́lẹsẹ̀ líle tó ń yọ̀, eyín irin á sì gé e jẹ. Pẹ́dà oníke pẹlẹbẹ tó gbòòrò ni kí o fi sí i. Kí o tó rà á, mọ̀ pé apá pẹ́dà BMX tó jẹ́ irin kan ṣoṣo láti ọ̀tún dé òsì ń gba ìwọ̀n ìǹṣì 1/2, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ yòókù sì ń gba 9/16. Bí o bá ń tú u, pẹ́dà òsì ń tú sí òdìkejì: bí ẹni ń dè é lo máa yí i kó tó tú. Mo ti rí àwọn mẹkáníìkì tó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láàárín wákàtí kan tí wọ́n ń fi páìpù gùn sípánà lórí pẹ́dà òsì títí tí wọ́n fi bà á jẹ́.

Táyà ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Nínú eré alùpùpù, òfin fi dandan lé e pé kí a fi wáyà tín-ín-rín so àwọn bóòtì kan kí wọ́n má baà tú: bóòtì tí a fi ń da òróró ẹ́ńjìnnì jáde, ìdérí òróró, fílítà. Wáyà náà kò nípọn ju bíi mìlímítà 0.6 sí 0.8 lọ. Bí mẹkáníìkì bá ti lọ́ ọ tán, á fi púláyà gé ṣóńṣó rẹ̀, gígé yẹn á sì ta sílẹ̀. Ó tó ìdajì èékánná ní gígùn, orí rẹ̀ gé fẹ̀gbẹ́ tí ó fi mú, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti ọ̀dà ilẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀ tí o kò lè rí i àfi bí oòrùn bá tàn sí i. Táyà alùpùpù nípọn, kò ka irú rẹ̀ sí. Táyà kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ó ń wọ ibẹ̀ tààrà. Ó tún ní ìwà burúkú kan: ihò tó ń dá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń jáde díẹ̀díẹ̀. Alẹ́ ni o máa gùn ún tán, táyà le. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń pe ìpè àkọ́kọ́, rímù ti jókòó sílẹ̀.

Bí o bá lẹ tíúbù náà tàbí tí o pààrọ̀ rẹ̀ láìwá wáyà ọ̀hún, tuntun náà á tún lu. Ojú kì í rí i nínú táyà. Fi òwú tàbí ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ nu inú táyà yípo, ibi tí òwú bá há sí, ibẹ̀ ni. Ìka kọ́ ni kí o fi wá a, nítorí yóò gún ọ. Fi púláyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó fà á láti inú, má tì í síta. Kí o sì kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ láti di ṣóńṣó wáyà mú kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n ju gígé náà sínú agolo. Ìyẹn ń gba táyà gbogbo àdúgbò là.

Bí rímù rẹ bá jẹ́ ti 406, táyà tó gbòòrò, 1.75 tàbí 1.95, ni kí o fi sí i, kí tíúbù rẹ̀ sì ní fáàfù irú ti mọ́tò. Fáàfù yìí kan náà ló wà lára alùpùpù. Póǹpù tí ẹ mú wá, ohun tí ẹ fi ń wo agbára afẹ́fẹ́, irinṣẹ́ tí a fi ń yọ inú fáàfù, gbogbo rẹ̀ á bá a mu. Fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ ti kẹ̀kẹ́ eré máa mú kí o gbé póǹpù ọ̀tọ̀ wá. Lórí ọ̀dà, agbára afẹ́fẹ́ 45 psi dára. Lórí koríko, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí bíi 30. Àwọn wọ̀nyí wà nínú ohun tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ alùpùpù lè kà, nítorí púpọ̀ nínú wọn dópin sí 60. Bí o bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ fún un, ṣọ́ra gidigidi. Tíúbù kẹ̀kẹ́ kékeré, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló fi ń kún. Tẹ̀ ẹ́, fi í sílẹ̀, wò ó, tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń fún táyà ọkọ̀, á gbọ́ ìró tí yóò mú gbogbo pádọ́ọ̀kì yíjú.

Omi tí a ń dà sínú tíúbù láti dí ihò ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ihò wáyà. Yọ inú fáàfù, da iye tí wọ́n kọ sí ara ìgò sínú rẹ̀, dá inú fáàfù padà, fún afẹ́fẹ́ sí i, kí o sì gùn ún káàkiri lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí omi náà lè tàn yípo. Àwọn kan ń lo táyà tó jẹ́ rọ́bà gbagidi láìní afẹ́fẹ́. Kì í lu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń gbọn ènìyàn, ó sì ń yọ̀ nínú òjò. Èmi kò fẹ́ ẹ.

Nínú ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ ni kó wọlé kẹ́yìn, nítorí òun ni o máa kọ́kọ́ nílò bí o bá débẹ̀. Yọ pẹ́dà tó kọjú sí alùpùpù, nítorí pẹ́dà ló ń ha ike ara alùpùpù jù. Fi okùn tirẹ̀ dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, má fi okùn tó mú alùpùpù dè é. Bí o bá há a sábẹ́ okùn alùpùpù, á sún díẹ̀ lójú ọ̀nà, okùn á dẹ̀, ìgbà yẹn ni alùpùpù fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Irinṣẹ́ kẹ̀kẹ́ tí kì í sí nínú àpótí eléré alùpùpù kò pọ̀: sípánà 15 tó tẹ́ẹ́rẹ́, ike méjì tí a fi ń ṣí táyà, páàṣì àti sólúṣọ̀n, tíúbù méjì. Kọ́kọ́rọ́ Allen 4, 5 àti 6 ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ lọ̀pọ̀ ń dé. Kí o tó gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ka ìwé ìlànà tí àwọn olùṣètò fi ránṣẹ́. Pápá kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì nínú pádọ́ọ̀kì, òfin náà sì ń yí padà. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni kì í sábà ní ìṣòro. Alùpùpù kékeré àti sìkútà oníná tí a ń dúró lé ni wọ́n ń fòfin dè jù. Kẹ̀kẹ́ oníná tó bá òfin Bírítéènì mu, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 250 wọ́ọ̀tì lọ, tí kì í ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ bó bá ti kọjá máìlì 15.5 ní wákàtí kan, ẹni ọdún 14 ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Béèrè kí o tó gbé e wá. Bí wọ́n bá sì gbà, má fi bátìrì rẹ̀ sí iná mọ́jú nínú ọkọ̀ tí ẹ̀ ń sùn sí, tí kẹ́ẹ̀gì epo wà ní ìdí rẹ̀. Lórí èyí, mi ò ní àyè fún àríyànjiyàn rárá.

Lẹ nọ́ńbà eré yín mọ́ kẹ̀kẹ́ náà lára níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó bá yá a lọ á mọ ibi tó máa dá a padà sí, àwọn olùṣètò á sì mọ ẹni tí wọ́n máa pè bí ó bá dí ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ orí koríko ni ẹ wà, sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á rì bí òjò bá rọ̀. Pátákó kékeré kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, tí ẹ lu ihò sí, tí ẹ fi okùn so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, yóò gbà yín. Má fi kẹ̀kẹ́ ti òpó àtíbàbà.

Àárọ̀ àyẹ̀wò ni kẹ̀kẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ jù, ibẹ̀ náà ni akoto ti ń bàjẹ́. Eléré gbọ́dọ̀ gbé akoto, aṣọ awọ, ìbọ̀wọ́ àti bàtà lọ fún àwọn olùyẹ̀wò. Ohun tí ènìyàn ń ṣe ni pé á fi okùn akoto kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Akoto á máa fì. Ní ibi tí ilẹ̀ bá ti jìn díẹ̀, á fì wọ àárín sípóòkì iwájú tàbí kí ó máa gbá férémù ní gbogbo ìyípo. Akoto olówó iyebíye tó dé ọ̀dọ̀ olùyẹ̀wò pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ lára, ó lè má padà sórí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Inú àpò akoto ni kó wà, kí àpò wà lẹ́yìn rẹ, okùn rẹ̀ lórí èjìká méjèèjì. Aṣọ awọ, ká a kí o dè é sórí kárìá ẹ̀yìn, kí o sì rí i pé ọwọ́ aṣọ kò so rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ṣéènì.

Lórí ẹrù, kárìá kọ̀ọ̀kan ní iye tó lè gbé, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀: 10, 18 tàbí 25 kílò. Apẹ̀rẹ̀ iwájú tó so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò yẹ kó gbà ju bíi kílò 5 lọ, nítorí bí ẹrù bá sún, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á yí láìgba àṣẹ. Epo lítà 20 tó bíi kílò 15, láìka kẹ́ẹ̀gì onírin fúnra rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó gbé e kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní apá kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láàárín àwọn tó ń dáná gáàsì. Ẹ má ṣe é. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí a ń fọwọ́ tì ni epo ń gùn.

Rímù alùpùpù tí ẹ ń gbé lọ fún ìpààrọ̀ táyà náà kì í ṣe ẹrù kárìá. Ó wúwo, ó ga, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ á gé okùn, díìsìkì bíréèkì rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fara ti irin. Ohun tó dára jù tí mo rí ni tírélà kékeré tí wọ́n ń fi gbé ọmọdé lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ra àlòkù, bọ́ aṣọ orí rẹ̀ kúrò, kí o gbé rímù méjèèjì dúró ní òòró sínú rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù láàárín wọn. Ìdí irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló so mọ́, nítorí náà kì í dà ọ́ nù bí ẹrù orí kárìá.

Pátákó àmì ńkọ́? Ó gùn, ó sì pẹlẹbẹ. Ní Snetterton, tí kò sí igi tó ń dí atẹ́gùn, ó lè gba afẹ́fẹ́ bí ìgbòkun. Fi okùn gbé e kọ́ ẹ̀yìn ní òòró, má fi dábùú ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ dé wà. Ojú ọ̀nà píìtì ni àkọ́kọ́: alùpùpù ń gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú eré, ojú eléré sì wà lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń tò sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni èkejì. Gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, tì í pa, fẹsẹ̀ wọlé. Lábẹ́ àtíbàbà pàápàá, má gba ẹ̀yìn alùpùpù tó wà lórí sítáǹdì kọjá nígbà tí wọ́n ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná, nítorí rímù ẹ̀yìn ń yí, bó bá já bọ́ láti orí sítáǹdì, iwájú ló ń lọ, ẹni tó ń mú un á sì fò sẹ́yìn sórí rẹ.

Aago kẹ̀kẹ́ dára, ṣùgbọ́n má gbára lé e. Ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ti fi nǹkan dí etí nítorí ariwo. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: wo ẹsẹ̀ ènìyàn lábẹ́ ọkọ̀, wo iná ẹ̀yìn fáànù bóyá wọ́n ti fi sí ìfẹ̀yìnrìn, wo ọwọ́ ọmọdé tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Okùn àtíbàbà àti wáyà iná bùláńkẹ́ẹ̀tì táyà ń dábùú ilẹ̀. Rímù kékeré kò fẹ́ràn kí a gba wáyà kọjá ní ìdábùú-dagun. Kọjú sí i tààrà, tàbí kí o sọ̀kalẹ̀. Kí o sì dé akoto kẹ̀kẹ́. Nicky Hayden, tó gba ife àgbáyé MotoGP, eré alùpùpù tó ga jù, ní 2006, mọ alùpùpù gùn ju gbogbo wa lọ. Orí kẹ̀kẹ́ ológeere ni mọ́tò ti kọlù ú ní Ítálì ní oṣù karùn-ún 2017, ó sì kú lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú títì ni tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n orí kan náà ni gbogbo wa gbé.

Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, rímù onírin dídán ti àwọn Raleigh àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní bíréèkì mọ́. Fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ṣáájú kí omi lè kúrò lójú rímù, lẹ́yìn náà ni yóò tó mú. Ọ̀dà funfun ilẹ̀ àti irin gọ́tà ń yọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì kéde pé eré ti di ti òjò, tí gbogbo ènìyàn ń sáré pààrọ̀ rímù, fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, kò sí ẹni tó ń wo iwájú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀bùn rẹ̀. Níbi tí àwọn olùṣètò bá gbà á láyè, tí wọ́n sì ti pa pápá, gígun kẹ̀kẹ́ yí ipa eré ká ń fi ohun tí alùpùpù kì í jẹ́ kí a rí hàn: ibi tí ọ̀dà tuntun ti pàdé ti àtijọ́, ibi tí omi ń kójọ sí, ìhà tí ilẹ̀ dà sí ní igun. Ní Cadwell, ẹsẹ̀ rẹ á sọ fún ọ ní tààrà bí Mountain ṣe ga tó. Ní erékùṣù Isle of Man, ọ̀nà gbogbo ayé ni ipa eré alùpùpù TT, máìlì 37.73, ẹni tó bá lágbára lè gun apá kan rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà wà ní ṣíṣí, kó sì máa wo mọ́tò. Gbé iná iwájú àti ti ẹ̀yìn dání, nítorí nígbà tí o bá ń padà, okùn àtíbàbà kì í hàn mọ́.

Bí eré bá parí ní Sunday, kẹ̀kẹ́ ló máa ń kó koríko àti ẹrẹ̀ jọ jù. Fọ̀ ọ́ kó tó wọnú ọkọ̀. Nílé, nu ṣéènì, kán òróró sí i, kí o sì fa ìdí ẹ̀yìn sẹ́yìn bí ṣéènì bá ti dẹ̀: ní àárín, ó yẹ kó lè rìn sókè sódò bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún afẹ́fẹ́ sí táyà méjèèjì, gbé e kọ́, kí o sì padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Èyí tó bá ti rọ̀ nínú wọn, wáyà wà nínú rẹ̀.